Akíntọ́lá Taku: Ẹ Jẹ́ Ká Dá Owó Kẹ́míkà Dúró

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó yíyá, kì í sì í ṣe ti àwọn tí kò tíì san gbèsè wọn (wọ́n mọ ara wọn). Ọ̀rọ̀ èpò ni. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó jọ̀wọ́ kà á tán ná.

Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ wa ní púlọ́ọ̀tì méjì lẹ́yìn ojú irin, níbi tí a ní a ó kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé wa sí. Owó búlọ́ọ̀kù kò tíì pé, ilẹ̀ náà wà níbẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run. Kò sí ohun tó gba ibẹ̀ kan bí kò ṣe Akíntọ́lá taku. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí owó kẹ́míkà apakoríko àti owó ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa fín in. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bí a bá pa owó ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó ju owó tí a fi ra gbogbo àga oníke tí à ń jókòó lé ní ìpàdé lọ. Èpò náà ń kọ́? Ó rọ, ó gbẹ, òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún rú láti ìdí. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò purọ́.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kọjá, wọ́n tún gbé ìwé owó kẹ́míkà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin síwájú mi. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i, àfi bí ìpàdé gbogbogbò bá jókòó lé e lórí. Inú Alága wa kò dùn, ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n, wọ́n ní, "Akọ̀wé, lọ kọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ènìyàn kà á." Òun náà ni mo kọ yìí.

Ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá jà. Ewé yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ni ó ti wá, láti apá Florida títí lọ dé Ajẹntínà. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Chromolaena odorata, àwọn ìwé àtijọ́ sì ń pè é ní Eupatorium. Wọ́n ní àárín irúgbìn igi mẹláínà tí àwọn aláṣẹ igbó ọba kó wá láti Ceylon, èyí tí a mọ̀ sí Sri Lanka lónìí, ni irúgbìn tirẹ̀ fara pamọ́ sí tó fi dé agbègbè Enugu ní nǹkan bí ọdún 1937. Láti ibẹ̀ ló ti ń rìn bọ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré, ó fúyẹ́, ó ní irun funfun lórí. Atẹ́gùn ni mọ́tò rẹ̀. Ó tún ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹran, ó ń bá ọkọ̀ rìnrìn-àjò. Igi kan ṣoṣo tó bá dàgbà dáadáa lè so irúgbìn tó 80,000. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń fi kẹ́míkà lé e lórí púlọ́ọ̀tì méjì, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ojú irin sì kún fún un, omi ló ń fi agbọ̀n pọn?

Nígbà tó fi máa gba ilẹ̀ Yorùbá kan, ìjà òṣèlú Ìwọ̀ Oòrùn ti bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, Gómìnà, ìyẹn Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, ní òun yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá kúrò nípò Pírẹ́míà. Akíntọ́lá ní òun ò lọ. Ó taku. Àwọn àgbẹ̀ wo èpò tuntun tí wọ́n ń ro lónìí tó ń padà dé lọ́la, wọ́n ní orúkọ dé. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ewé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é, ó dà bí ẹni pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí oníkálukú wà ló fi ń sọ èpò lórúkọ! N kò wá dá ẹjọ́ òṣèlú o, àwọn méjèèjì ti lọ sinmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní Gáná: Acheampong ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ ológun tó gba ìjọba wọn ní 1972.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i pé èpò yìí wúlò. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń gbin ẹ̀fọ́ nítòsí ojú irin, tó ń tà á ní ọjà Sáńgo, ló pè mí lọ́jọ́ kan tí mo wá gba owó àjẹṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ẹ wá wo nǹkan. Ohun tí ẹ ń fi owó wa pa lọ́hùn-ún, òun ni mo fi ń bọ́ ẹ̀fọ́ níbí." Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Wọ́n mú mi lọ síbi ebè mẹ́ta. Tẹ̀tẹ̀ ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbìn wọ́n. Èkíní, wọn kò fi ohunkóhun sí i. Ewé rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó kéré. Èkejì, ajílẹ̀ inú àpò, ti òyìnbó. Ẹ̀kẹta, Akíntọ́lá tó ti jẹrà pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ ni wọ́n dà sí i.

N ó sọ òtítọ́, nítorí pé iṣẹ́ akọ̀wé ni kí a kọ ohun tí a rí. Ebè ajílẹ̀ òyìnbó ló kọ́kọ́ yára ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó rọ. Ti ẹlẹ́kẹta dúró, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù nígbà tí mo ki ìka bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń já wọn, èmi kò lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ìyá wá bi mí pé, "Èwo ni mo fi owó rà níbẹ̀, Akọ̀wé?" N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Kì í ṣe idán. Ewé tó bá hù púpọ̀ tó sì tètè jẹrà, ohun tó fà láti inú ilẹ̀ ló tún ń dá padà fún ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí Akíntọ́lá bá ti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún mélòó kan, wọ́n máa ń láyọ̀ láti tún un ro, nítorí pé ó ń bo èkan mọ́lẹ̀ kò ní lè rí oòrùn. Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ bá èkan jà rí, tí èkan ti gún iṣu rẹ̀ nínú ilẹ̀, yóò mọ èwo nínú méjèèjì ni ọ̀tá gan-an.

Èpò kan tún wà tó ń bá a du ilẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà wa, èyí tó ga ju ènìyàn lọ, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ẹyin adìẹ, tí àwọn kan ń pè ní jogbo nítorí kíkorò rẹ̀. Tithonia ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ilẹ̀ Mẹ́síkò lòun náà ti wá. Ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn ohun tó wà nínú ewé rẹ̀. Nínú 100 kg ewé gbígbẹ, wọ́n rí náítírójìn bíi 3.5 kg, pọtásíọ̀mù bíi 4.1 kg, àti fọsfọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀, 0.37 kg. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí ọlọ́jà: àpò NPK 15-15-15 kan tó wọn 50 kg, náítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ 7.5 kg. Ìyẹn ni pé 100 kg ewé gbígbẹ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àpò kan ní ti náítírójìn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ewé gbígbẹ ni mo wí. Ewé tútù tí a ó gé kó tó gbẹ di 100 kg yóò ju ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ènìyàn ni yóò sì rù ú. Ẹni tó bá ní oko sarè mẹ́wàá kò lè fi èyí nìkan ṣe é. Oko ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé àti púlọ́ọ̀tì méjì ló yẹ, irú èyí tí àwa ní. Ní ti fọsfọ́rọ́ọ̀sì tó kéré, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ adìẹ ti wúlò, nítorí pé òun ní in dáadáa. Àgbègbè Ọ̀tà wa yìí sì nìyí, ilẹ̀ ọlọ́sìn adìẹ. Àwọn mìíràn nínú wọn ń wá ẹni tí yóò bá wọn kó ìgbẹ́ náà kúrò nílẹ̀.

Bí Ìyá ṣe ń ṣe é rèé. Mo dúró tì wọ́n, mo sì bá wọn ṣe é lẹ́ẹ̀kan (ọjọ́ méjì ni ẹ̀yìn fi dùn mí). Wọ́n á gé èpò náà nígbà tó ṣì tutù, kó tó yọ òdòdó. Igi líle tó wà ní ìdí, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fi dáná. Ewé àti ẹ̀ka tó rọ̀, wọ́n á fi àdá gé e kéékèèké. Wọ́n á tò ó sílẹ̀ lábẹ́ igi, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n á fọ́n ìgbẹ́ adìẹ lé e, wọ́n á bu eérú díẹ̀ sí i, wọ́n á wọ́n omi, wọ́n á tún tò òmíràn lé e, títí yóò fi ga dé ìbàdí. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀rá bò ó. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ẹ ó yára fà á yọ, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wọ́n á fi ṣọ́bìrì tú u, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á bọ́ sí àárín. Bó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù, ẹ tú u kó rí atẹ́gùn. Bí kò bá gbóná mọ́ tí kò sì tíì jẹrà, ó ń wá omi ni. Nígbà tó bá fi tó oṣù méjì, ó ti dúdú, ó ti ń fọ́ lọ́wọ́ bí ilẹ̀ ìdí ààtàn.

Ohun kan wà tí Ìyá fi ojú ara wọn rí kó tó yé wọn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ewé tútù ni wọ́n da bo ilẹ̀, wọ́n sì fọ́n irúgbìn ẹ̀fọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Èyí tó hù kò tó nǹkan. Àwọn ewé méjèèjì yìí ní oje nínú tí kì í jẹ́ kí irúgbìn mìíràn hù ní ìtòsí wọn. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó jẹrà kí ẹ tó gbin nǹkan, tàbí kó jẹ́ pé àárín ẹ̀fọ́ tó ti dàgbà ni ẹ ó tẹ́ ẹ sí.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin kan yóò sọ, nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ fún mi lójú. Wọ́n ní ejò ń bẹ nínú rẹ̀, olè ń fara pamọ́ síbẹ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ìgbà ọyẹ́ ó máa ń gbẹ bí bébà, ẹni tó bá ju ìdí sìgá sí i ti dá iná sí ilé aládùúgbò. Òótọ́ ni. Tata aláràbarà tó máa ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ fẹ́ràn òdòdó rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ̀fọ́ kí wọ́n tó ya wọ oko. Òótọ́ nìyẹn náà. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni gbìn ín, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ohun tí mò ń sọ ni pé gígé la gbọ́dọ̀ gé e, ṣùgbọ́n bí a bá gé e tán, ká má sun ún, ká má sì da oró lé e.

Nítorí kẹ́míkà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. NAFDAC ti fi òfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e mì, kódà kó jẹ́ ẹnu kan, ikú ló sábà máa ń já sí. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fín tiwa pé kí ni orúkọ ohun tó wà nínú táǹkì rẹ̀, ó ní "ti ìgò aláwọ̀ ewé" ni. Kò mọ̀. Èmi tí mo kọ owó rẹ̀ sínú ìwé kò mọ̀. Lẹ́yìn fífín ẹlẹ́ẹ̀kejì, ewédú obìnrin kan tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tiwa pààlà gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, nítorí pé atẹ́gùn fẹ́ lọ́jọ́ náà. A lọ bẹ̀ ẹ́. Kò gba owó lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n bí mo bá kí i báyìí, ìdáhùn rẹ̀ kì í ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ. Kò sí ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí nínú ìwé ìnáwó.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tí ìtara tiwọn pọ̀ ju tèmi lọ. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń lọ nílẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kan ti wá bá mi pé kí ẹgbẹ́ máa fún omi ewé Akíntọ́lá sínú ìgò, ká máa tà á fún ibà, ìtọ̀ ṣúgà àti inú rírun. Ó ti ya àwòrán tí yóò lẹ̀ mọ́ ìgò pàápàá. Mo ní rárá, mo sì fẹ́ kí ìpàdé bá mi wí i. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ewé yìí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Nígbà tí àdá bù mí lẹ́sẹ̀ ní oko bàbá mi, bàbá já ewé náà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, wọ́n kán an sí ojú ọgbẹ́. Ó ta mí bí iná, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ní Vietnam, àwọn dókítà ti ṣe ìpara láti inú rẹ̀ fún ojú iná àti ọgbẹ́, Eupolin ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara òde ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni mímu. Oró kan wà nínú ewéko yìí, pàápàá nínú òdòdó rẹ̀, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọlọ́sìn màlúù mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ẹran. Ẹni tó bá mu ún lónìí lè má rí nǹkan kan, kó tó di pé ara bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá wá kú, orúkọ ẹgbẹ́ wa ni yóò wà lára ìgò. Owó tí a ti fi ọdún púpọ̀ tù jọ ní náírà kọ̀ọ̀kan, ẹjọ́ kan ṣoṣo lè gbé e lọ. Ajílẹ̀ ni ká ṣe; bí ajílẹ̀ kò bá dára, ẹ̀fọ́ ni yóò kú.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún níyí. Kí ìpàdé gbogbogbò fagi lé owó kẹ́míkà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Kí a fi apá kan nínú rẹ̀ gba àwọn ọ̀dọ́ tí yóò fi àdá gé ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì hú ìdí rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, nítorí pé bí a kò bá hú ìdí, iṣẹ́ àṣedànù ni. Kí a fi èyí tó kù ra bárò kan, ṣọ́bìrì méjì àti ọ̀rá ìbora. Títí di ọjọ́ tí owó búlọ́ọ̀kù yóò fi pé, kí àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ gba ilẹ̀ náà lò, kí wọ́n máa san owó ilẹ̀ kékeré sí àpò ẹgbẹ́. Ajílẹ̀ tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tiwọn, kí a dì í sínú àpò, kí a tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní ọgbà ní ẹ̀yìnkùlé. N kò ṣèlérí pé a ó dolówó níbẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé ibi tí owó ti ń jáde lọ láti ọdún kan wá, díẹ̀ yóò máa wọlé.

Àsìkò ni kò sí lọ́wọ́ wa. Èpò yìí máa ń tanná láti ìparí ọdún wọ oṣù kìíní. Bó bá ti tanná, irúgbìn rẹ̀ yóò fò, èyí tí a bá sì gé nígbà náà kò ṣeé kó sínú òkítì mọ́, nítorí pé ooru kì í dé gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irúgbìn tó bá yè ni a ó tún fi ọwọ́ ara wa gbìn sí àárín ẹ̀fọ́. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká sún ọ̀rọ̀ yìí sí ìpàdé mìíràn bí a ti ń sún ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn. Ìyá ti ní àwọn yóò gbé àpò kan wá sí ìpàdé, kí ẹ fi ọwọ́ yín bù ú wò. Kò ní rùn, mo ti gbóòórùn rẹ̀.